Ọjọ́ Tí Sàléńsà Délégè Yìnbọn ní Ìgòlò

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi tó ti ń bá mi gbé láti ọjọ́ yìí wá kò gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọ mi máa ń fi ohùn mi sọ ìtàn náà lẹ́yìn mi, wọ́n á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Kí ló wá kan ẹ̀yin tí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ mí rí? Ẹ má gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ná, kí n sọ bí wọ́n ṣe ti ìbọn mọ́ mi lẹ́yìn ní ọ̀sán gangan, ní ìlú tí wọ́n bí mi sí, nítorí òrùka kan tí kò wọ ìka ẹnikẹ́ni.

Mẹ́kánò ni mí. Alùpùpù ni mò ń tún ṣe. Ìfọ̀nyìn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ìlú tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni nítorí pé ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò bi wá léèrè. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju páànù mẹ́fà lórí òpó mẹ́rin lọ, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìgòlò, níbi tí wọ́n ta okùn sí láàárín wa àti Ìdí-Ìrókò ti Nàìjíríà. Ayé Rẹfolúsiọ̀n ni, ìgbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba lọ́dọ̀ wa. Gbogbo ènìyàn ló jẹ́ kámáráàdì nígbà yẹn. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, kámáráàdì ni. Ìyá ìyàwó mi, kámáráàdì ni. Ewúrẹ́ nìkan ni wọn ò pè bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé torí ewúrẹ́ kì í wá sí ìpàdé ni. Ẹ̀rù sì ń ba ìjọba. Wọ́n ní àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó yá lè gba ibikíbi wọlé, pàápàá láti etí ààlà. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ kí ìlẹ̀kùn gbá pàù ní Ìgòlò, yóò ṣàlàyé irú ìlẹ̀kùn tó jẹ́.

Kí n tó bọ́ sínú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní èdè wa díẹ̀, torí èdè yìí ló kó bá mi. Pàtírọ̀n tó kọ́ mi níṣẹ́, Bùráímọ̀ ará Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé àìsàn mẹ́ta ni ẹ́ńjìnnì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ó lè máa wúkọ́: epo rẹ̀ ló dọ̀tí. Ó lè máa kọsẹ̀: búújì tó ń tanná sí epo rẹ̀ ló ti gbó. Ó sì lè máa yìnbọn: sàléńsà rẹ̀ ni kí o wò, ìyẹn páìpù tó ń gbé èéfín jáde lẹ́yìn. "Ẹ́ńjìnnì kì í parọ́, Ràímì," ni pàtírọ̀n mi máa ń wí, "ẹni tó gùn ún wá ló ń parọ́."

Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í dárúkọ alùpùpù. Ẹni tó ni ín là ń dárúkọ. A ó ní, "Ti Alájì ń wúkọ́." A ó ní, "Ti Tíṣà ń kọsẹ̀." Bí Àlùfáà bá gbé tirẹ̀ wá tó ń ró gbàù, a ó ní, "Ti Àlùfáà ń yìnbọn." Ta ni yóò rò pé Àlùfáà gbé ìbọn kọ́ èjìká lọ kírun? Kò sí mẹ́kánò tó rò bẹ́ẹ̀ rí láti Àjàṣẹ́ dé Kétu.

Òrùka ló kù. Níbi tí ọrùn sàléńsà ti wọnú ẹnu ẹ́ńjìnnì, òrùka bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń dí àlàfo. Bí ẹ bá ti dè é pa lẹ́ẹ̀kan, ó ti di pẹlẹbẹ nìyẹn, kò ṣeé tún lò. Ẹ fi í sọ́kàn. Èmi náà fi sọ́kàn nígbà yẹn. Mo kàn ṣe bí ẹni tó gbàgbé ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan báyìí, Kámáráàdì Adékàńbí gun alùpùpù rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ni délégè àdúgbò wa, ẹni tí ìjọba fi sípò láti máa pè wá sí ìpàdé àti láti máa kọ orúkọ ẹni tí kò wá. Ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi bébà wé há abíyá. Ó tú u. Sàléńsà tuntun ni láti Nàìjíríà, ó ń dán bíi dígí, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu fèrè.

"Kámáráàdì Ràímì, wo nǹkan yìí."

"Ó mà dára o, Délégè. Ta ló kú?"

"Ta ló kú báwo?"

"Mo rò pé fèrè òkú ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn onípò ìgbà yẹn kì í tètè rẹ́rìn-ín, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó bófin mu.

"Alùpùpù mi dákẹ́ jù," ó ní. "Mo máa dé ibi ìpàdé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé mo ti dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró lẹ́yìn wọn títí wọ́n fi bú mi tán. Ìwọ náà wà níbẹ̀."

Mo wà níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo ń bú u lọ́wọ́ nígbà tó fi wúkọ́.

Ó wá sọ ohun tó ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀. Ènìyàn ńlá kan láti Àjàṣẹ́ ń bọ̀ wá wo ààlà lọ́la, òun Adékàńbí ni yóò sì gun alùpùpù ṣíwájú ọkọ̀ rẹ̀ láti Ìfọ̀nyìn dé Ìgòlò. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́.

Mo tú sàléńsà àtijọ́ sílẹ̀. Òrùka bàbà náà fọ́ sí mi lọ́wọ́ bíi bísíkíìtì.

"Délégè, a ní láti ra òrùka tuntun lọ́wọ́ Ìyá Kúdí ní Ìdí-Ìrókò. Ẹ fún mi títí di ọ̀sán."

"Rẹfolúsiọ̀n kì í dúró de òrùka, Kámáráàdì."

Ẹ wò ó, níbí yìí ni kí ọmọlúàbí mẹ́kánò ti fi sípánà rẹ̀ sílẹ̀ kó ní òun kò ṣe. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi hàn án pé mo mọṣẹ́. Mo mú agolo mílíìkì kan tó ṣófo, mo fi sísọ́ọ̀sì gé òrùka jáde lára rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kó rí róbótó, mo sì fi sí ọrùn sàléńsà tuntun náà. Mo de gbogbo rẹ̀ pa. Ó dára lójú. Bí pàtírọ̀n mi bá wà láàyè, ì bá ti gbá mi létí.

Délégè gùn ún lọ sókè. Bó ṣe ń fún gáàsì, alùpùpù náà ń ké bíi màlúù. Inú mi dùn. Ó yí padà, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí òkè, ó dá gáàsì padà kó lè dúró lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo gbọ́ nìyí: gbàù! Ó tún di gbàù! Adìẹ kan fò kọjá lórí páànù mi. Ní ilé ìwé tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, gbogbo kíláàsì wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì lọ, Tíṣà ló sì kọ́kọ́ débẹ̀.

Délégè dé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "O gbọ́? Ó ń kí mi!"

"Kò kí yín, Délégè. Ó ń yìnbọn ni."

"Sọ ọ́ dáadáa. Ó ń kí ènìyàn."

"Ẹ gbọ́, sójà ló máa wà lẹ́yìn yín lọ́la. Ìbọn tiwọn kì í kí ènìyàn."

Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Ó ní dakọ̀, òun ti gbà, kí n wá nǹkan ṣe sí i kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo ní kó fi alùpùpù náà sílẹ̀. Ó ní rárá, ìyàwó òun kò tíì rí i. Ó gùn ún lọ, mo sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kí àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ké sí Múfú. Ọkùnrin ará Lagbé ni Múfú, alùpùpù ló fi ń gbé èrò lọ sí Ìgòlò. Kò sí ohun tó burú lára rẹ̀ àfi pé etí rẹ̀ ti di, nítorí náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Ìyá Kúdí, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ní Ìdí-Ìrókò, máa ń wá síbi okùn ààlà ní ọ̀sán láti gba iṣẹ́ lẹ́nu àwa mẹ́kánò tó wà ní apá ìhín. Mo wí fún Múfú pé, "Sọ fún Ìyá Kúdí pé ti Délégè ń yìnbọn. Kó bá mi fi òrùka ránṣẹ́ kíá, torí ènìyàn ńlá ń bọ̀ lọ́la."

Ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn gbé yẹ̀ wò. Lójú mẹ́kánò, kò sí ohun tó mọ́ tó o.

Múfú dé ibi okùn, ó sì rí Ìyá Kúdí ní apá kejì. Wọ́n ní bó ṣe pariwo rẹ̀ nìyí, tí ẹni tó wà ní Banigbé lọ́hùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́: "Ìyá Kúdí ooo! Ràímì ní Délégè ń yìnbọn! Ó ní ẹ fi òrùka ránṣẹ́ kíá! Ènìyàn ńlá ń bọ̀ lọ́laaa!"

Ẹ kíyè sí i pé ó ti gbé "ti" náà mì lọ́nà.

Sójà kan tí wọ́n ń pè ní Mátíyà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, wọn kò tíì pẹ́ gbé e wá. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò tíì bá mẹ́kánò jókòó rí láyé rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ń yìnbọn tó tún ń wá òrùka ní wàràwàrà, gbogbo yín náà mọ irú òrùka tó máa wá sí yín lọ́kàn: òrùka tí wọ́n sè, tí wọ́n ní ọta kì í ran ẹni tó bá fi sọ́wọ́. Mátíyà sáré lọ bá Kómándàn tó ń ṣọ́ ààlà. Ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un ní Faransé: Délégè ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, ó ń wá oògùn ọta, ènìyàn ńlá tó ń bọ̀ lọ́la ló sì ń dúró dè. Mẹ́kánò kan tó ń jẹ́ Ràímì ló wà nídìí rẹ̀.

Gààrí ni mò ń mu nígbà tí ọkọ̀ wọn dúró. Sójà mẹ́ta ló bọ́ sílẹ̀.

"Ìwọ ni Ràímì?"

"Èmi ni."

"Ta ni ò ń bá ṣiṣẹ́?"

"Ẹnikẹ́ni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́."

Mo rò pé ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání ni. Wọ́n ti ìbọn mọ́ mi lẹ́yìn, wọ́n sì gbé mi. Gààrí náà ṣì wà lórí àga.

Kómándàn jẹ́ ọkùnrin gíga tó gbẹ, Fọ̀n ni èdè ilé rẹ̀. Ó fi Faransé bi mí léèrè, èmi náà fi Faransé dáhùn, torí mo ka ìwé tó láti kó bá ara mi láìlo ògbufọ̀. Ibi tí mo ti jìyà ni pé Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́. Mi ò mọ bí àwọn mẹ́kánò Faransé ṣe ń sọ ọ́, nítorí náà mo ń tú ọ̀rọ̀ wa sí Faransé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé lóòótọ́ ni Délégè ń yìnbọn?"

"Lóòótọ́ ni, Kómándàn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀ yìí."

"Ó ti yin mélòó?"

"Mi ò kà á. Bó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ó lè tó márùn-ún."

Kómándàn wo Mátíyà. Mátíyà mi orí bí ẹni tó ní, ẹ ò rí i?

"Ta ló fún un ní nǹkan náà?"

"Òun ló rà á. Èmi ni mo bá a dè é."

"Láti ibo?"

"Nàìjíríà."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

Ọ̀kan nínú Faransé iṣẹ́ wa tí mo mọ̀ dájú nìyí. Mo fi ìgboyà sọ ọ́: "Ẹṣapumọ́!"

Sójà tó wà lẹ́nu ọ̀nà fò dìde, ó fi ara dí ìlẹ̀kùn. "Ta ló fẹ́ sá?" Ní Faransé, ẹ jọ̀wọ́, orúkọ sàléńsà àti ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí ènìyàn sá lọ, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. "Kómándàn! Alùpùpù ni! Alùpùpù Délégè ló ń yìnbọn!"

Kómándàn yíjú sí ògbufọ̀ rẹ̀. "Mátíyà, ṣé alùpùpù máa ń yìnbọn?"

Mátíyà ronú dáadáa. "Ní Ṣábẹ̀, rárá."

Kómándàn ti ìwé rẹ̀ pa. Ó ní ọkọ̀ kan ń lọ sí Àjàṣẹ́ ní àárọ̀ ọ̀la, n ó bá a lọ, n ó lọ ṣàlàyé níbẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan ní Banigbé tí wọ́n mú lọ ṣàlàyé báyẹn. Inú oyún ló fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó padà dé, ọmọ náà ló ṣílẹ̀kùn fún un, tó bi í pé ta lẹ ń wá.

Ibi tí mo ti ń ro èyí ni a ti gbọ́ ohùn kan lórí òkè, bíi màlúù. Wọ́n ti sọ fún Délégè pé wọ́n mú mi, ó sì ń bọ̀ tagbára-tagbára láti wá fi ẹni tó jẹ́ hàn. Ó gun alùpùpù náà bọ̀ láti orí òkè Ìgòlò. Ó dé itòsí okùn. Ó dá gáàsì padà.

Gbàù! Gbàù! Gbà-gbàù!

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo Ìgòlò dùbúlẹ̀. Àwọn aláàárù ju ẹrù sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣẹ́ owó fi apẹ̀rẹ̀ bo orí, ó gbàgbé ìdí síta. Mátíyà wọ abẹ́ tábìlì, ó bá Kómándàn níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo dúró ṣánṣán láàárín yàrá.

Láti abẹ́ tábìlì, Kómándàn pariwo, "Kí ló dé tí ìwọ kò dùbúlẹ̀?"

"Kómándàn, mo mọ ohùn iṣẹ́ mi."

Níta, wọ́n ti na ìbọn sí Délégè. Alùpùpù ti ṣubú, òun náà ti na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo, "Kámáráàdì! Èmi ni! Mo ti múra tán fún Rẹfolúsiọ̀n!" Wọ́n tì í wọlé wá bá mi. Kómándàn bi í bóyá ó mọ̀ mí.

"Èmi? Rárá o. Mo máa ń rí i lọ́nà ni. Bóyá Nàìjíríà ló rán an."

"Délégè!" mo ní. "Ẹ̀yin tí ẹ jẹ èkuru nílé mi lánàá!"

"Ata pọ̀ jù nínú rẹ̀," ó ní, kò sì wò mí lójú.

Bí ẹni tó ti ń dúró dè é, aláàárù kan yọ, ó gbé ohun kékeré kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé dání. Ó ní, "Ìyá Kúdí ní kí n kó òrùka yìí fún Ràímì. Ó ní kó fi sí i, kò ní yìnbọn mọ́." Gbogbo sójà tó wà níbẹ̀ fà sẹ́yìn. Mátíyà fi igi tú ìwé náà. Òrùka bàbà pupa kan yí jáde sórí tábìlì, ó yí lọ títí ó fi dé iwájú Kómándàn, ó sì dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Fi sí ọwọ́ rẹ," Kómándàn wí fún mi.

Mo fi sí i. Ìka mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀ pọ̀, ó sì tún fẹ́ jábọ́.

Kómándàn sún mọ́ ọn. Ó wò ó pẹ́. "Irú ìka wo lèyí wà fún?"

"Kì í ṣe fún ìka, Kómándàn. Ọrùn sàléńsà ló wà fún."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Kómándàn kì í ṣe òpònú ènìyàn. Ìbéèrè tó bi mí lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra sàléńsà aláriwo máa bi ara wọn. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń dún, ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó dún. Kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí Délégè dá gáàsì padà, tó fẹ́ sinmi, ló ń yìnbọn?"

Mo fa ẹ̀mí sínú. "Kómándàn, ṣé ẹ ti fẹ́ iná igi rí?"

"Ìyàwó mi ló ń fẹ́ ẹ."

"Nígbà tí igi bá ń rú èéfín tí kò jó, tí màdámù bá wá lóṣòó, tó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?"

Ó ronú. "Ó máa ń bù gbàà sókè. Ó ti jó irun ojú rẹ̀ rí."

"Ó parí. Èéfín yẹn ni epo tí kò jó. Ẹ̀mí màdámù ni afẹ́fẹ́. Ẹyin iná tó wà nísàlẹ̀ ni páìpù tó ti gbóná. Bí Délégè bá ń fún gáàsì, epo ń wọlé dáadáa, búújì ń tanná sí i, ó ń jó tán nínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá dá gáàsì padà, epo tó ń wọlé á kéré jù, pàápàá bí sàléńsà bá fẹ̀ bí ti Délégè yìí, iná búújì kò ní lè ràn án. Epo tútù yẹn á kọjá lọ sínú páìpù láìjó. Bí ọrùn páìpù bá dí pa, èéfín lásán ni yóò bá jáde. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, á bá epo nínú páìpù gbígbóná, wọ́n á sì jó níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti jó."

"Gbàù," ni Kómándàn wí, jẹ́ẹ́.

"Gbàù, Kómándàn."

Ó ní kí n ṣe é lójú òun. Mo kúnlẹ̀ síta nínú oòrùn, ẹnu ìbọn méjì wà lẹ́yìn ọrùn mi, Délégè dúró lápá kan bí ẹni tó wá wòran. Páìpù náà ṣì gbóná. Ó jó mi lọ́wọ́, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, òun nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní bí ẹ bá fẹ́ rí i. Mo yọ òrùka agolo náà jáde. Ó ti dúdú, iná ti jẹ ẹ́ lápá kan, àlàfo tó wà níbẹ̀ lè gba ìyẹ́ adìẹ.

Kómándàn gbé e sókè sí oòrùn. Díẹ̀ nínú ọ̀dà agolo náà kò tíì jó tán.

"Mílíìkì?"

"Mílíìkì, Kómándàn."

"Ta ló ṣe èyí?"

Délégè ń wo ilẹ̀. Mo lè sọ pé òun ló kán mi lójú, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló di sísọ́ọ̀sì mú. Ẹ́ńjìnnì kì í parọ́, ó sì ń wò mí.

"Èmi ni. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì ṣe é."

Kómándàn fi òrùka agolo náà sínú àpò àyà rẹ̀, ó sì de bọ́tìnnì lé e. Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tí wọ́n ti ìbọn mọ́ mi lọ.

Mo fi òrùka Ìyá Kúdí sí i, mo de ọrùn sàléńsà pa. Mo yí ìdè onírin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kí epo lè pọ̀ díẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n bá dá gáàsì padà. Mo dìde. Délégè na ọwọ́ kó gba alùpùpù rẹ̀, ṣùgbọ́n Kómándàn ti gbẹ́sẹ̀ lé e, ó ti gùn ún lọ sókè.

A kò rí i mọ́. A gbọ́ ohùn màlúù náà tó yí padà. Mo ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀, wọ́n tán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣirò onímẹ́ta. Ó yọ lórí òkè. Àwọn aláàárù tún dùbúlẹ̀ kí ó má baà bá wọn lójijì. Ó dá gáàsì padà.

Kò dún. Ó ń yí bọ̀, ó ń yí bọ̀, ìró táyà nìkan ni. Ó dé itòsí okùn, ó fẹ́ dúró.

Pù.

Gbogbo ènìyàn gan. Kómándàn bojú wo abẹ́ ara rẹ̀.

"Èyí ńkọ́?"

Faransé sá kúrò lẹ́nu mi. Yorùbá ni mo fi dáhùn: "Ìyẹn kì í ṣe ìbọn, Kómándàn. Ó só ni."

Ó wo Mátíyà. Mátíyà túmọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Kómándàn rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ọwọ́ mọ́ tẹ́ńkì epo. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ tún le. "Máa lọ sílé. Má kúrò ní Ìfọ̀nyìn. Èmi fúnra mi á wá rí ẹ ní àárọ̀ ọ̀la." Ó sì fọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ dáadáa, mo ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ti di ẹrù: aṣọ méjì, kẹ́tùlù, ẹní ìkírun. Mo ti fi sípánà mi há àárín páànù kí ẹnikẹ́ni má baà jí i kí n tó dé. Mi ò gbọ́ ìgbà tó dé. Mo kàn gbójú sókè ni, Kómándàn ti wà lórí mi, òun nìkan, lórí alùpùpù tirẹ̀. Kò mú Mátíyà dání.

Mo dìde, mo gbé ẹrù mi.

"Jókòó," ó ní. "Ènìyàn ńlá náà kò wá mọ́."

"Kí ló dé, Kómándàn?"

"Wọ́n sọ fún un ní Àjàṣẹ́ pé ìbọn dún ní Ìgòlò."

Òun náà jókòó. Ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún, ó sì tú bọ́tìnnì àpò àyà rẹ̀. Ó yọ òrùka agolo mílíìkì náà jáde, ó gbé e lé orí bẹ́ǹṣì láàárín àwa méjèèjì.

"Ní ọjọ́ Àìkú, mo ń lọ kí àwọn àna mi. Alùpùpù mi dákẹ́ jù." Ó fi ìka kan ti òrùka náà síwájú mi. "Fi sí tèmi."

Mo wo òrùka, mo wo ẹrù mi, mo wo ojú rẹ̀. "Kómándàn, ẹ mọ̀ pé yóò máa yìnbọn?"

Ó tún wo ọ̀nà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu Délégè, tó ti ń kọ́ bọ̀ láti ọ̀nà, ó ń wá a lẹ́nu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan:

"Kámáráàdì Ràímì. Sọ ọ́ dáadáa. Ó ń... kí... ènìyàn."